Àwọn Àga Àyálò

Kò sí ẹni tó lè bá Màmá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ àlejò. Bí ebi ń pa á tó fẹ́ẹ̀ dákú, bó bá ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, á bọ́jú, á rẹ́rìn-ín, á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ìwà yìí gan-an ló kù díẹ̀ kó da ilé rú mọ́ wọn lórí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aránṣọ, ti wà nílé láìníṣẹ́ látìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ti ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti kógbá wọlé. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ta máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó ta bẹ́ẹ̀dì, ó ta àga, títí tó fi ku ẹní, tábìlì kékeré kan àti korobá nínú yàrá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ìlú mìíràn ránṣẹ́ pé bí nǹkan ò bá yí padà kí ilé ìwé tó gba ìsinmi, òun á wá kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì sọ́dọ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ò ní èrò burúkú nínú o, ṣùgbọ́n Aránṣọ mọ̀ pé ọmọ tó bá lọ báyìí, ó dìgbà. Ìyẹn ló gbé e dé ọ́fíìsì ìrànwọ́ ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ìdílé tí kò rí jẹ lówó oúnjẹ lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn òbí níṣẹ́ tuntun. Wọ́n ní àyè wà fún un nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi fóòmù àti aṣọ bo àga, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá fojú ara rẹ̀ rí ilé wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ náà ń bọ̀, Aránṣọ jáde lọ bá wọn fọ àtẹ̀gùn ilé kan. Nígbà tó dé, ó rò pé òun ṣi yàrá wọ̀ ni. Àga onítìmùtìmù tò sídìí ògiri, kápẹ́ẹ̀tì pupa wà nílẹ̀, dígí ńlá kan ń kọ mànà lára ògiri, tẹlifíṣọ̀n sì gúnwà sórí tábìlì bí ọba. Màmá ti yá gbogbo rẹ̀ kárí ilé: ó gba àga lọ́wọ́ Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó gba dígí lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀, ó gba ìyókù lọ́wọ́ ìyàwó onílé. Òun alára ti wọ aṣọ tó dáa jù, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo tún ilé ṣe ni. Àbí o fẹ́ kí èèyàn ìjọba wá jókòó sórí korobá?"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn.

Obìnrin òṣìṣẹ́ náà wọlé, bàtà rẹ̀ rì sínú kápẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo àga, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó béèrè bóyá tiwọn ni gbogbo ẹrù yìí. Màmá ní ta ni ì bá tún ni ín. Bí Aránṣọ bá sọ òótọ́, ó ti pe ìyá rẹ̀ lópùrọ́ lójú àlejò, ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá panu mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ibi tó ti ń gbé e sókè, tó ń gbé e sọ̀ ni onígbàjámọ̀ ti yọjú tòun ti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó kí gbogbo ilé, ó tọrọ gáfárà, ó ní oníbàárà kan ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gé irun òun láìsí dígí. Màmá ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní kó máa gbé e lọ, òun kúkú ti bá a nù ún mọ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má bínú, ó wá kọjú sí àlejò.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi dìde díẹ̀. Àga Tíṣà lẹ jókòó lé."

Ó gbé àga náà jáde, ó padà wá kó ìyókù. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé tẹlifíṣọ̀n máyà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìyàwó onílé. Nígbà tó ṣe tán, ó da korobá dojú dé, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún, ó ní kí àlejò jókòó. Ojú ń tì í wọra, ṣùgbọ́n kò wolẹ̀.

Obìnrin náà jókòó sórí korobá, ó kọjú sí Màmá.

"Màmá, wọn ò rán mi wá wo ohun tẹ́ ẹ ní. Ohun tẹ́ ẹ ò ní ni mo wá wò."

"Ta ló ń fi ìyẹn han àlejò?" ni Màmá dáhùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Àlejò bú sẹ́rìn-ín débi pé korobá fẹ́ẹ̀ yẹ̀ nídìí rẹ̀. Ó ní ká ní ìyá òun ni, gbogbo ẹrù òpópónà ni ì bá kó wọlé.

Owó náà dé kí ilé ìwé tó gba ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n wá lóòótọ́, ó bá wọn jẹun, òun nìkan ló sì padà lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Ní ti iṣẹ́, kò rọrùn. Òòlù ń lu Aránṣọ lọ́wọ́, fóòmù ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ sì jẹ́ ọkùnrin tó máa ń jágbe mọ́ èèyàn kó tó kí i. Ṣùgbọ́n Aránṣọ ò jẹ́ kó sú òun. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ọ̀gá náà rọra pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó má wáṣẹ́ lọ síbòmíràn, ibẹ̀ ni yóò ti máa gbowó oṣù.

Lọ́dún kejì, obìnrin òṣìṣẹ́ náà wá wò wọ́n kẹ́yìn, torí ilé yẹn ò nílò owó ìjọba mọ́. Àwọn àga aláwọ̀ búlúù ló bá nínú yàrá, ègé pákó àti àjákù aṣọ ni Aránṣọ fi ṣe wọ́n fúnra rẹ̀. Rẹ́gí-rẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu. Àlejò jókòó, ó fi ìdí dán an wò, ó wá fi ẹ̀fẹ̀ béèrè bóyá wọ́n á tún ní kóun dìde lónìí.

Kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí Tíṣà fi kanlẹ̀kùn. Ó ní àna òun ń bọ̀ lọ́sàn-án, tìmùtìmù àga òun sì ti ya. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá òun ní àga di ìrọ̀lẹ́.

Màmá fẹ̀yìn ti àga rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Tíṣà, ẹ ní sùúrù. Àlejò wa ṣì jókòó."