Gílàásì Ìyá Ọkọ Mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìyà ń jẹ́, kó bá ìyá ọkọ ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà. Tèmi ni ọ̀gá ní láàbù tí a ti ń yọ́ gílàásì tí yóò máa gbé iná kọjá nínú bátìrì. Bí gègé bá yà díẹ̀ lórí tábìlì, á tún un tò. Ní pálọ̀ rẹ̀ nílé, àga fún mọ́ àga débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń rìn wọlé bí alákàn. Ọkọ mi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kì í lọ síbẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá ní, "Ìyàwó, bí gílàásì tìẹ ò bá gbé iná lónìí, wàá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe."

Inú ààrò ni Ìyá ti ń jẹ́ kí tirẹ̀ tutù díẹ̀díẹ̀, kó má baà sán. Èmi da tèmi gbígbóná sáàárín irin tútù méjì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó sán, ó wọ́, kò ṣeé fi han àlejò.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà níbí, o ṣe èyí?"

"Ẹ má bínú, Mà. Tó bá rọra tutù, àwọn átọ́ọ̀mù á ráyè tò, wọ́n á fún mọ́ra. Áyọ́ọ̀nù lítíọ́ọ̀mù tó fẹ́ gbé iná kọjá ò ní rọ́nà gbà. Tèmi dì lójijì kí wọ́n tó tò tán. Àlàfo pọ̀ nínú ẹ̀."

"O ti wá sọ wúruwùru di ìmọ̀."

Ó fi tirẹ̀, tó mọ́ gaara bí omi, sábẹ́ mítà tó ń wọn iná. Ọwọ́ mítà mì díẹ̀, ó sùn padà. Ó nu gílàásì náà, ó tún gbé e sí i. Oorun kan náà ni. Mo gbé jákujàku tèmi sí i. Ọwọ́ mítà fò dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo fi apá ẹ̀wù bo ẹ̀rín.

"Iṣẹ́ ẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ," Ìyá ní. Ó gbé gílàásì rẹ̀ tó rẹwà sójú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí. "Ìyàwó, ilé mi náà ò lálàfo. Àbí torí ẹ̀ ni ọmọ mi ò ṣe wálé mọ́?"

Ẹ̀rín sá lẹ́nu mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, èmi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi gún un lára látàárọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó àga méjì kúrò lẹ́nu ọ̀nà, Mà."

"Mẹ́ta," ó ní. "Kó ṣáà wá jókòó."