Àdúrà Ọ̀mì

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Òkè ò tíì ní ọdún tó dùn tó ọdún yìí rí. Ẹni tó bá pè é nírọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti gbá wálẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti pàdánù gbẹ̀yìn. Wọ́n ta ọ̀mì díẹ̀, wọ́n borí púpọ̀, ife ẹ̀yẹ líìgì sì ń wò wọ́n lójú bí àfẹ́sọ́nà tó ti gbà tán, tó kàn ń ṣe wíwọ́n.

Ṣùgbọ́n ìlú kan kì í ní àkùkọ kan ṣoṣo. Bí ẹgbẹ́ Òkè ṣe ń wọ pupa lókè, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Ìsàlẹ̀ ń wọ aró nísàlẹ̀, létí odò. Ọmọ orogún ni wọ́n: bí ọ̀kan bá ń rẹ́rìn-ín, èkejì ti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi rín. Lọ́dún yìí, ẹ̀rín ò sí lẹ́nu Ìsàlẹ̀ rárá. Ìdí líìgì ni wọ́n wà, ẹsẹ̀ wọn kan sì ti jábọ́.

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni àwọn olólùfẹ́ Òkè ti máa ń pàdé. Káfíńtà náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àdúrà, kò lọ ilé-ìwé púpọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ ní ìwé kíkà nílé, tó kọ́ wọn ní àdúrà, tó sì kọ́ wọn ní oríkì. Obìnrin náà gbà pé ẹni tí a ò bá kọ́kọ́ kì, a kì í tọrọ nǹkan fún un, nítorí Ọlọ́run náà fẹ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Nígbà tí nǹkan le fún Òkè, tí gbogbo ẹni tó bá wá ń gbá wọn bí ẹni ń gbá ìlẹ̀kùn, káfíńtà gbé ọwọ́ lé bẹ́ńṣì tó fi ń fá igi, ó ki àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì gbàdúrà. Wọ́n borí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún un ṣe, wọ́n tún borí. Láti ìgbà náà, kò sí ìdíje tí wọn kì í kọ́kọ́ gbá lórí bẹ́ńṣì yẹn: ọwọ́ gbogbo wọn á wà lórí pákó, ohùn káfíńtà á ga, gbogbo ilé á ṣe àmín. Bóyá àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀, ẹnikẹ́ni ò béèrè. Káfíńtà fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó ku ọ̀la kí Òkè lọ bá Ìsàlẹ̀ nílé wọn, dẹ́rẹ́bà kan tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn jókòó sórí ibùsùn kan tí káfíńtà ò tíì kàn parí.

"Ẹ dìde lórí ibùsùn oníyàwó," káfíńtà sọ fún un. "Ọkọ tuntun ló ni ín."

"Mò ń bá a dán an wò ni. Ẹ gbọ́, Bàbá Àdúrà, ibùsùn kọ́ la nílò lọ́la. Pósí ni. Ẹ bá wa kan pósí tí a máa fi sin Ìsàlẹ̀."

"Pósí mélòó?" Nọ́ọ̀sì béèrè. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, ó ṣì wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó sì ti so ìborùn pupa mọ́ ọrùn. "Ti mọ́kànlá, àbí ẹ máa kó gbogbo wọn sínú ẹyọ kan?"

"Ẹyọ kan á gbà wọ́n. Wọ́n ti rù. Ìgbà wo ni ayò kàn wọ́n lẹ́nu gbẹ̀yìn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ò fi ìyẹn sílẹ̀. "Ẹ rọra o. Ẹni tó ń rì sómi ní í di èèyàn mú jù. Ìdíje wọn tó kẹ́yìn lọ́dún yìí ni ti ọ̀la, ọ̀mì péré sì ni wọ́n nílò kí wọ́n má baà já sí líìgì kejì. Ẹni tó bá nílò ọ̀mì, gbogbo wọn ló máa dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń ṣọ́ olè."

"Tí ó bá wá jẹ́ ọ̀mì ńkọ́? Àwa náà ò kú. A máa lọ gba ife wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ní ìlú onílùú."

"Ibẹ̀ ló ń dùn mí. Ta ni í gba ife lójú àjèjì nígbà tó lè gbà á lójú ọ̀tá?" Dẹ́rẹ́bà rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo tún gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi koríko pápá sílẹ̀ kó ga, kí Ẹsẹ̀ Òsì, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, má baà rí ibi sáré."

"Wọ́n gbọ́n nìyẹn. Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀."

Káfíńtà ń fá igi lọ, èérún igi ń kó jọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú koríko pápá Ìsàlẹ̀, àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló mọ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́ lójú rẹ̀ àfi tí wọ́n bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ẹni pé wọ́n pè é, àbúrò náà yọ sẹ́nu ọ̀nà, nínú ẹ̀wù aró tó ti ṣá lójú oòrùn.

"Ẹ wo òkú ọ̀la," ni dẹ́rẹ́bà wí, "ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wọn pósí."

"Ọkọ̀ yín tí ẹ máa ń ní kí èrò sọ̀ kalẹ̀ tì," àbúrò dá a lóhùn, "ẹ sáà jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gun òkè ná, kí ẹ tó sọ pé ẹ ń gòkè."

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà náà rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. Àbúrò tẹ̀ ba, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú iṣẹ́, ó ní òun fẹ́ rí i díẹ̀. Àwọn méjèèjì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n to pákó sí kó gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ni ẹgbẹ́ wa ti sọ̀rọ̀. Ó ní bí a bá já lọ́la, òun máa ti géètì pa. Ó ti rí ẹni tó máa ra pápá. Sìmẹ́ńtì ni ẹni yẹn fẹ́ dà sórí rẹ̀, kó fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí."

Káfíńtà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. Abẹ́ ibi ìjókòó òǹwòran ni yàrá àbúrò rẹ̀ wà. Láti ìgbà tó ti di géńdé, ó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ju koríko lọ bí? "Wá máa gbé lọ́dọ̀ mi."

"Nínú yàrá tí àwọn ọmọ yín ti ń sùn bí pákó yìí? Ẹ̀gbọ́n mi, níbo ni wọ́n ti ń wá ẹni tó mọ koríko? Màá ní láti fi ìlú yìí sílẹ̀ ni." Ó wo ilẹ̀. "Mi ò ní kí ẹ bá wa borí. Òkè ni yín, mo mọ̀. Ọ̀mì ni mo wá tọrọ. Ẹ bá Ọlọ́run sọ ọ́. Gbogbo ohun tí ẹ sọ fún un lọ́dún yìí, ṣebí ó gbọ́? Ọ̀mì ò ní pa yín lára. Ẹ ṣì máa gba ife yín."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Káfíńtà gbọ́ ẹ̀rín dẹ́rẹ́bà láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ronú nípa àwọn ọwọ́ tó ń bọ̀ wá wà lórí bẹ́ńṣì lọ́la. Ó tún wo ojú ọmọ ìyá rẹ̀.

"Mo gbọ́," ló wí.

"Ṣé ìlérí ni?"

"Ìlérí ni."

Àbúrò mí kanlẹ̀. "Ó ti parí. Mo lè padà sẹ́nu iṣẹ́ mi báyìí."

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ọjọ́ tí ẹnu wa àti inú wa máa rán wa níṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn jẹ́ fún káfíńtà. Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Ọwọ́ wà lórí ọwọ́, lórí bẹ́ńṣì. Ó rò ó pé kí òun sọ pé ara òun ò yá. Ó rò ó pé kí òun fo ibi ìṣẹ́gun kọjá. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà ti mọ àdúrà náà sórí, ètè rẹ̀ máa ń bá tirẹ̀ rìn ni. Ó bá bẹ̀rẹ̀:

*Aṣọ́lé wa, àpáta ẹnu ọ̀nà,*
*ọwọ́ gbọọrọ tí í já ayò gbà lójú afẹ́fẹ́.*
*Ẹsẹ̀ Òsì, ọmọ asáré-má-mí:*
*ó kọjá níwájú wọn, wọ́n ní atẹ́gùn ni,*
*atẹ́gùn lọ tán, wọ́n bá bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n.*

Ó kì wọ́n tán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ ẹni tó bá dúró lọ́nà wọn lẹ́sẹ̀. Ó ní kí Òkè lọ rere, kí wọ́n bọ̀ rere, kí wọ́n kó ayò bọ̀. Bí ẹnu rẹ̀ ti ń lọ lókè, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ nísàlẹ̀: Olúwa mi, ẹnu mi nìyí, má gbọ́ ọ. Inú mi ni kí o gbọ́. Jẹ́ kó jẹ́ ọ̀mì. Má gbọ́ ẹnu mi lónìí.

"Àmín," gbogbo ilé dáhùn, tí ìṣó fi mì nínú agolo.

Nígbà tí wọ́n dé pápá Ìsàlẹ̀, dẹ́rẹ́bà ló kọ́kọ́ kígbe. Koríko náà ò ga rárá. Wọ́n gé e mọ́lẹ̀, ó tẹ́jú bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, wọ́n sì ti fi omi wọ́n ọn débi tó fi ń dán. Káfíńtà sáré lọ sí etí ọgbà, níbi tí àbúrò rẹ̀ dúró sí pẹ̀lú kórobá.

"Ṣé wọn ò ní kí o fi koríko sílẹ̀ ni?"

"Kọ́ọ̀ṣì bẹ̀ mí títí." Àbúrò ń rẹ́rìn-ín. "Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kí ló tún fẹ́ fi koríko ṣe odi fún? Kí pápá mi sáà wuyì lójú àlejò."

Káfíńtà di ọgbà mú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, rẹfirí fun fèrè.

Ìsàlẹ̀ jà. Kí a má fi tiwọn dù wọ́n, wọ́n jà bí ìyá tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ́lé wọn ń fò, ó ń já ayò gbà, àwọn ẹ̀yìn wọn ń fi orí, fi àyà dí ọ̀nà. Ìdajì àkọ́kọ́ lọ, kò sí ayò. Ìdajì kejì ń lọ sópin, kò sí ayò. Ìrètí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lọ́kàn káfíńtà bí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn. Ó ti ń dúpẹ́ nínú.

"Bàbá Àdúrà, ẹ tún un ṣe," Nọ́ọ̀sì wí. Torí pé bẹ́ńṣì ò sí níbẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé e léjìká, lápá òsì, lápá ọ̀tún. Ètè rẹ̀ ń mì. Má gbọ́, ló ń sọ. Má gbọ́, má gbọ́.

Bọ́ọ̀lù náà ò tilẹ̀ fò. Ilẹ̀ ni wọ́n fi rán an, ó yọ̀ lórí koríko tútù náà bí iṣẹ́ tí wọ́n fi ìkánjú rán. Ẹ̀yìn Ìsàlẹ̀ kan na ẹsẹ̀ sí i, bọ́ọ̀lù ti kọjá. Ká ní koríko ga díẹ̀ ni, ì bá bá a. Ẹsẹ̀ Òsì bá a. Àwọ̀n mì.

Apá kan pápá káwọ́ lérí. Apá kejì bú sí ariwo. Kí káfíńtà tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, ó ti wà léjìká wọn, dẹ́rẹ́bà sì ń kì í: ẹnu tí kì í sọ̀rọ̀ kó tase, ẹnu àṣẹ, ẹnu ayò, ọkùnrin tí í jókòó sídìí bẹ́ńṣì ta bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Láti òkè níbẹ̀, ó rí àbúrò rẹ̀ létí pápá. Kò wo àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Káfíńtà ń tiraka kó bọ́ sílẹ̀, ó ń ju apá, ó ń ju ẹsẹ̀. Wọ́n rò pé ijó ló ń jó, wọ́n sì gbé e ga sí i.

Nígbà tí èrò túká, ó rí ọ̀nà sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó padà sí pápá. Wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n de géètì ńlá. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà wọlé. Àbúrò rẹ̀ mú rọ́bà omi lọ́wọ́, ó ń bomi rin koríko.

"Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ní kó má gbọ́. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, ọ̀mì ni mo bẹ̀ ẹ́."

"Nọ́ọ̀sì ti kí mi. Ó ní kí n má bínú, ó ní àdúrà yín ti òní ló le jù lọ́dún yìí, pé ìṣó ń mì nínú agolo."

"Ẹnu ni. Ẹnu lásán ni."

"Ẹnu kan náà ni Ọlọ́run ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí." Kò gbé ohùn sókè. "Ẹni tí a ní kó feni lójú, ata ló fi sẹ́nu."

"Kí ni kí n ti ṣe? Bí mo bá dákẹ́ lójú wọn, wọ́n á mọ̀."

"Wọ́n á mọ kí ni? Pé ẹ ní àbúrò?"

Láti òkè, wọ́n ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ dẹ́rẹ́bà, ó ń dún léraléra, àwọn èèyàn ń kọrin tẹ̀lé e.

"Ta lò ń bomi rin ín fún?" ni káfíńtà béèrè.

"Koríko ò tíì gbọ́."

Ó wo ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀, ó rántí bí ìyá wọn ṣe máa ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí kí wọ́n tó jáde. Ó sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́, ó la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ oríkì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," àbúrò wí, kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹ má gbàdúrà fún mi."

Káfíńtà gbé ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Omi ń ṣàn bọ̀ sídìí bàtà rẹ̀.

"Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ń tẹ koríko."

Ó sún sẹ́yìn. Ó tún sún. Kò sí ẹni tó ní kó dúró, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn títí tó fi dé orí ọ̀nà.