Ìdérí Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Túmọ̀

Luemba apẹja mọ àwọn ìdérí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà odò. Ọjọ́ tí Nlandu ń bọ̀ wá sílé ọkọ ni ìyá rẹ̀ ti dì wọ́n fún un. Igi ni gbogbo wọn, wọ́n gbẹ́ àwòrán sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan ló sì lówe tirẹ̀. Ní Muanda, ìlú wọn létí òkun, obìnrin tó mọyì ara rẹ̀ kì í bá ọkọ jà lójú àwùjọ. Bí inú bá bí i, yóò wá ìdérí tó bá ọ̀rọ̀ náà mu, yóò fi bo abọ́ ọkọ rẹ̀, yóò sì gbé e lọ bá a lábẹ́ àtíbàbà tí àwọn ọkùnrin ti ń jẹun pọ̀. Àwọn tó bá ọkọ jókòó ni yóò túmọ̀ òwe náà, àwọn náà ni yóò sì bá a wí.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, tó jẹ́ pé ìyá tó bí i nìkan ni Luemba ń fọ̀rọ̀ lọ̀, tí kì í bi ìyàwó, ìdérí tó rí ni èyí tí wọ́n gbẹ́ ààrò sí: ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ó gbọ́. Láti ìgbà náà ló ti fẹ́ràn òwe yìí ju gbogbo òwe lọ. Òun ló fi tọ́ Lukeni ọmọ wọn, òun ló sì fi ń parí ìjà àwọn apẹja. Ọdún tí òrùlé ilé ìdáná ń jò, tí Luemba ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, akàn ló bá lórí oúnjẹ: akàn tó bá dúró de òjò kó tó gbẹ́ ihò, omi ni yóò gbé e lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Luemba ti wà lórí òrùlé.

Ṣùgbọ́n ti ọ̀sán ọjọ́ yìí kò yé e rárá. Nlandu gbé abọ́ kalẹ̀, ó yí padà, ó lọ. Lórí ìdérí náà, obìnrin kan jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Nǹkan róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà kan sì la nǹkan náà láàárín. Luemba yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ó tán!" Tati, tí wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ ojú omi kan náà, ló kọ́kọ́ fọhùn. "Òṣùpá nìyẹn. Ìyàwó ẹ ní òun ń wojú òṣùpá, òun ò rójú ọkọ. Luemba, ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ lọ, nígbà tó jẹ́ pé èmi pẹ̀lú ẹ la jọ ń sùn sórí omi?"

"Ẹ̀yin ọmọdé yìí." Bàbá Mavungu, àbúrò bàbá Luemba, gba ìdérí náà, ó gbé e jìnnà sójú. "Òṣùpá wo ló nílà láàárín? Igbá tó sán nìyí. Àárín ìwọ àtàwọn àna ẹ ló sán. Ìgbà wo lo débẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Bàbá, mo gbé ẹja lọ fún wọn láìpẹ́ yìí."

"Tútù àbí gbígbẹ?"

"Tútù ni."

"Ẹ ò rí nǹkan! Gbígbẹ ni wọ́n ń fẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹun. Ewé ẹ̀gẹ́ tí Nlandu fi ẹja sè dùn dọ́ba, èyí gan-an ló sì tún da ọkàn Luemba rú. Ṣé obìnrin tínú ń bí ló ń se irú ọbẹ̀ yìí?

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ẹja gbígbẹ lọ fún bàbá ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù ba àgbàlagbà náà: "Luemba, ṣé kò sí nǹkan o?" Ó dé, ìdérí kan náà ló tún bá lórí oúnjẹ. Ó rántí òṣùpá Tati, kò lọ sórí omi, ó sùn sílé. Nlandu fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ní ó jọ pé ibà ni, ó sì po àgbo fún un. Ó mu ún. Lọ́sàn-án, ìdérí kan náà ni.

A kì í bi obìnrin ní ìtumọ̀ ìdérí. Ìyẹn dà bí kéèyàn ní kí ẹni tó bú òun tún un wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí Luemba lè pa mọ́ra. Ó fi ìdérí náà há abíyá, ó lọ sílé ìdáná.

"Ìyá Lukeni."

"Bàbá Lukeni, ẹ ò tíì jẹun?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹun? Orí mi ti dàrú. Mo gbé ẹja lọ sílé yín, mo sùn sílé, o fún mi lágbo. Kí ni mo ṣe fún ẹ? Kí ni nǹkan róbótó yìí?"

Nlandu wo ìdérí, ó wo ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rín pa á, kí ẹ̀rín náà sì tó jáde tán, ó ti di ẹkún.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

"O ò mọ kí ni?"

"Ohun tó túmọ̀ sí. Ìyá mi ní ọjọ́ tó bá yẹ, àwọn á sọ fún mi. Wọ́n ò sọ ọ́ títí wọ́n fi kú."

"Kí ló wá dé tó o fi ń fi bo oúnjẹ mi?"

"Mo kó gbogbo ìdérí jáde, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó bá ọ̀rọ̀ mi mu. Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Bàbá Lukeni. Nǹkan kan ló ń ṣe mí, mi ò morúkọ ẹ̀. Mo ní bóyá èyí tí mi ò mọ̀ yìí ló mọ̀ ọ́n, bóyá ẹ̀yin ọkùnrin á bá mi túmọ̀ ẹ̀."

Luemba jókòó lórí ìdì igi. Òwe ni wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ tó bá sọnù. Bí òwe fúnra rẹ̀ bá wá sọnù ńkọ́?

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá ìgbà tí Lukeni bá ọkọ ẹ̀ lọ sí Boma. Mo máa gbé oúnjẹ bá yín, mo máa padà wá jókòó síbí, mo máa gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Kì í ṣe pé ẹ̀rín yín ń bí mi nínú o."

"Ṣé kí n lọ mú ọmọ náà wá kí wa?"

"Rárá o. Ara ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọlé ni."

"Ṣé kí n máa wá jẹun níbí?"

"Nínú èéfín? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wúkọ́?"

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Èmi náà ò mọ̀."

Luemba padà sábẹ́ àtíbàbà, ó gbé abọ́ rẹ̀. Tati na ọrùn. "Ó ti sọ ọ́? Òṣùpá ni, àbí igbá?"

"Kò séyìí tó jẹ́."

Ó gbé oúnjẹ lọ sílé ìdáná, ó ń jẹ ẹ́ nínú èéfín, ó ń wúkọ́. Ó yọ orí ẹja fún ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Nlandu bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ Lukeni, ó sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó ní òun ò rántí bí ohùn ìyá òun ṣe rí mọ́. Ó fo láti orí èyí bọ́ sórí òmíràn. Nígbà mìíràn Luemba rò pé ó ti yé òun, gbólóhùn tó bá tẹ̀ lé e ni yóò sì fi hàn án pé kò yé e. Kò dá sí i. Ó ń gbọ́.

Nígbà tó di pé ó ń jẹun níbẹ̀ lemọ́lemọ́, Bàbá Mavungu ránṣẹ́ pè é. "Ṣé ìyàwó ẹ ti fún ẹ ní nǹkan jẹ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Nǹkan kan ló ń ṣe é, òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n, èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ náà?" Bàbá arúgbó náà mi orí. Ó ní kó máa lọ sílé.

Bí Luemba bá ti òkun dé báyìí, tó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ara rẹ̀ ti rí, ọjọ́ mìíràn Nlandu á ní ó dáa, ọjọ́ mìíràn á ní òun ò tíì mọ̀. Luemba á fa ìdì igi mọ́ra, á ní kó máa wí.