Ẹja Ọjọ́ Ẹtì fún Ìkookò

Ní ìlú wa létí irà Louisiana, ẹ̀fọn kì í ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹranko. Èyí tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ ajá tó ní aràn ọkàn ni í gbé ọmọ aràn náà kiri. Ìdí nìyí tí gbogbo ìkookò ọgbà ẹranko wa fi ń lo oògùn lóṣooṣù.

Bàbá Ovide ló ń tọ́jú Clotilde, abo ìkookò tó fi ìgò wàrà tọ́ dàgbà. Kó má baà gbàgbé oògùn rẹ̀, ó yan ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọjọ́ tí kì í pa Mísà jẹ. Ìjì líle pàápàá kò dá a dúró rí, ó sì máa ń fi èyí yangàn.

Àfi bí Clotilde ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Dókítà Renée yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó bá aràn. Ó ní oògùn kò wọnú ẹranko yìí. Inú bí Bàbá Ovide. Ó ní ọwọ́ òun ni òun fi ń tẹ hóró oògùn sínú ẹja.

“Ẹja kẹ̀, Bàbá? Ẹran ni Clotilde ń jẹ.”

“Lọ́jọ́ Ẹtì tí Kátólíkì kì í jẹran? Dókítà ọmọ mi, ṣé ìwọ náà ò ṣèrìbọmi ni?”

Wọ́n wọnú ọgbà Clotilde, wọ́n rí ibi tí ó ti tú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n sì walẹ̀ níbẹ̀. Ẹja jíjẹrà ló kún ibẹ̀, oògùn wà nínú wọn. Clotilde wá, ó gbóòórùn wọn, ó sì fi imú wa iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n padà.

Bàbá Ovide sunkún lọ bá Fadá Doucet. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti fọwọ́ kan ẹran lọ́jọ́ Ẹtì.

“Ovide, ìgbà wo ni ìkookò gba Ara Olúwa? Jíjẹ la ní kí o má jẹ ẹ́. A ò ní kí o má fún un.”

Wọ́n gún Clotilde ní abẹ́rẹ́ tó ń pa aràn. Kò gbọdọ̀ sáré, kí òkú aràn má baà dí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bàbá Ovide jókòó tì í, ó ń kọ orin Màríà jẹ́jẹ́ títí tó fi sùn. Ọlọ́run ṣàánú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, bàbá wa ń gbààwẹ̀, ó sì gbé ẹran màlúù tútù dání lọ sọ́dọ̀ Clotilde. Àwọn olùtọ́jú yòókù bi í bóyá ó ti yí ẹ̀sìn padà ni.

“Èmi kọ́,” ló wí. “Clotilde ni. Onítẹ̀bọmi ni.”