Orí Iṣu Màmá Keziah

Ní oṣù kẹta ọdún 1994, iṣu kan ṣoṣo ló kù tí mo lè fi parí ìwé àpilẹ̀kọ oyè kejì mi. Ọwọ́ Màmá Keziah, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló wà ní Ìnísà.

Àwọn tó ṣáájú rẹ̀, tí mo ti gé sínú fíríìsà yàrá ìwádìí, ti jẹrà. Iná lọ fún ọjọ́ mẹ́fà ní yunifásítì wa. Ẹ̀rọ amúnáwá yàrá ìwádìí wà nílé Dókítà Adébáyọ̀, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, níbi tó ti ń mú ọtí tutù. Ọjọ́ keje ni wọ́n dá a padà.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ọ̀bẹ bá kan iṣu, afẹ́fẹ́ á sọ oje kan nínú rẹ̀ di kuinónì, kuinónì ló sì ń mú ojú iṣu dúdú. Iṣu Màmá, tí wọ́n rà lọ́jà Òkukù lọ́dún tí wọ́n bí mi, kì í dúdú. Mo gbà pé jíìnì kan ló fà á: òun ló ń mú iṣu ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń dá ohun tí afẹ́fẹ́ gbà lọ́wọ́ oje náà padà fún un. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Màmá ti ń gbin iṣu náà lọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni kò rán wọn.

Dókítà ló wa mọ́tò. Nígbà tí a dé Ìkìrun, ó ní kí n kọ "Àpẹẹrẹ Keje" sára àpò tí a fẹ́ kó iṣu náà sí, pé orúkọ arúgbó kò wúlò nínú sáyẹ́ǹsì. Mo ká àpò náà mọ́ abẹ́ apá.

Nígbà tí a wọlé, odó ti wà nílẹ̀, iyán sì funfun nínú àwo.

"Màmá, iṣu wo lẹ gún?"

"Èyí tó dára jù ni. Àbí kí n fi iṣu tó ń dúdú ṣe olùkọ́ ọmọ mi lálejò, kí wọ́n rò pé a ò moore?"

Dókítà ti ń fọwọ́. "Olúsọjí, ìwé oyè rẹ rèé nínú ọbẹ̀. Jókòó kó o jẹ ẹ́."

Mo yíjú sí Màmá: "Màmá, òun nìkan ló kù. Mo kọ lẹ́tà sí yín."

"Mo gbà á. Ajíhìnrere ìjọ wa kà á fún mi, títí kan ti iná. Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ti rí wọn tí wọ́n ń fi orí iṣu gúnyán?"

Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Orí iṣu náà wà nínú agbọ̀n lábẹ́ ibòji, wọ́n ti fi eérú pa á lójú. Wọ́n fi èékánná ha eérú náà. Abẹ́ rẹ̀ funfun.

"Àná ni mo gé e," ni wọ́n wí.

Jíìnì tó wà nídìí iṣu ló wà lórí rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ìyẹn, mo sì gbàgbé ohun tí gbogbo ẹni tó ń gé ẹ̀bù iṣu gbìn mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Dìde, iyán ń tutù. Ìdajì ni tìẹ o. Ìdajì ń lọ sínú ebè. Bí iná bá tún lọ ńkọ́?"

Wọ́n sọ ọ́ sókè kó lè dé inú ilé. Láti ojú fèrèsé, mo rí i tí òkèlè Dókítà dúró lẹ́nu ọbẹ̀.

Mo jẹun yó. Mi ò tíì jẹ iyán tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní oṣù karùn-ún, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, ìdajì tèmi sì jẹrà. Mi ò lọ wá ẹ̀rọ amúnáwá lọ sílé Dókítà. Ìnísà ni mo gbà lọ. Ebè náà ti yọ ewé, Màmá sì ti fi igi tì í. Ewé yẹn, tó ní jíìnì kan náà nínú, ló parí iṣẹ́ náà: jíìnì náà ń ṣe ohun tí mo rò pé ó ń ṣe.

Orúkọ tó wà lára àpò náà ni Keziah. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà lójú ewé kìn-ín-ní ìwé mi, ṣáájú ti Dókítà.