Fúláwà Etí Páànù

Ní béèkìrì tí Ìyá Béèkìrì ti ń yan búrẹ́dì láti ọdún mọ́kànlélógójì, òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ: ẹni tó bá yọ páànù nínú ààrò gbọ́dọ̀ wọ́n fúláwà díẹ̀ sí etí rẹ̀. Páànù tó ń jó lala àti èyí tó ti tutù, bákan náà ni wọ́n ṣe dúdú, kò sì sí èyí tó máa lanu sọ̀rọ̀ nínú wọn. Fúláwà yẹn ló ń kìlọ̀ fún ọwọ́. Ìyá ló ṣe òfin náà, òun náà ló sì rú u láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ojú ni. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí nǹkan bí èéfín ti ń bo ojú rẹ̀, tòsì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kó tó ràn dé tọ̀tún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò, ó ti kà á. Imú ló fi ń mọ̀ bí búrẹ́dì bá ti jiná, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń mọ̀ bí ìyẹ̀fun bá ti pò tó. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni àga onítìmùtìmù tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo rà sí yàrá òkè, tó ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá sú Màmá, kí wọ́n kàn máa jókòó síbẹ̀. Ìfẹ́ ló fi rà á, Ìyá mọ̀. Àmọ́ bó bá ti ń kọjá lára àga náà, ṣe ló máa ń yára ẹsẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó yọ páànù kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti tutù lórí tábìlì, ó bu fúláwà, ó sì rọra wọ́n ọn sí etí èyí tó tutù. Ìgbà yẹn ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ wọlé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ náà ò mọ̀ pé ilé búrẹ́dì ló máa fẹ́ ọkọ sí. Ó wo páànù méjèèjì, ó rí èyí tí kò ní fúláwà, ó sì fi ọwọ́ lásán dì í mú.

Igbe kan péré ló ké. Ọkọ rẹ̀, tó ń kó búrẹ́dì sínú ọkọ̀ níta, sáré wọlé, ó sì ti kó bọ́tà sọ́wọ́ kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá ní kó gbé bọ́tà rẹ̀ padà, àbí ṣé ó fẹ́ din ìyàwó rẹ̀ ni? Ó fa Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀ kí ìka tó wú, ó sì ti ọwọ́ náà sábẹ́ omi. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ó ti tó. Ìyá ní kò tíì tó. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni wọ́n fi dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ ní béèkìrì yẹn rí tí kò mọ ọ̀rọ̀ Ìyá: ẹni tó bá bo iná mọ́lẹ̀ kó tó tutù, abẹ́ ni yóò ti máa jó lọ.

Lẹ́yìn náà ló lọ sójú fèrèsé, níbi tí ewé ahọ́n erin, èyí tó máa ń tu ojú iná lára, wà nínú ìkòkò. Ó fọwọ́ wá ewé tó ki jù lọ, ó gé e, ó jẹ́ kí oje pupa rúsúrúsú inú rẹ̀ ro dànù, torí pé èyí máa ń yún ara, ó wá bó èèpo rẹ̀. Iṣẹ́ èyí ò nílò ojú rárá. Ó béèrè bóyá ibẹ̀ lé ròrò tàbí ó bó, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní rárá, ó kàn pọ́n ni. Ìyá ní ká ní ó bó ni, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni wọn ì bá gbà lọ tààrà. Ó fi omi ewé náà pa á, tútù mini, ó sì fi aṣọ funfun tó mọ́ wé e láìfún un.

Ọkọ wá béèrè ta ló fi páànù gbígbóná sílẹ̀ láìwọ́n fúláwà.

"Èmi ni," Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn. "Ìkánjú ni ò jẹ́ kí n wo ibi tí mò ń fọwọ́ bà."

Ìyá gbọ́ ọ, ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn, ìdùnnú yẹn gan-an ló wá mú kí ojú túbọ̀ máa tì í. Ó lè dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti parí, ọkọ ti ń padà síta. Àmọ́ omi ewé ṣì wà ní ìka rẹ̀. Ó ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

"Irọ́ ló ń pa nítorí mi," ó ní. "Èmi ni mo wọ́n fúláwà sí èyí tí kò gbóná. Mi ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ mi. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ."

Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àpò fúláwà, gbogbo ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ funfun, kò tiẹ̀ mọ̀. Ó ní àwọn máa lọ rí dókítà ojú lọ́la. Ìyá gbà. Ọmọ wá ní, ní ti iṣẹ́ yìí, àga ń bẹ lókè.

"Ta ló máa wá po ìyẹ̀fun?" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ na ọwọ́ tó wà nínú aṣọ síwájú. "Ìwọ tí o ò mọ ìyàtọ̀ láàárín iyọ̀ àti ṣúgà?" Ó yíjú sí Ìyá. "Mo ti mọ̀ láti oṣù mẹ́ta, Ìyá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ṣí agolo kankan nípò. Fúláwà nìkan ni mi ò rò kàn. Ẹ̀yin lọ́wọ́, èmi lójú. Ó tó yan búrẹ́dì."

Ọkọ wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì dìde lọ kó búrẹ́dì tó kù sínú ọkọ̀.

Ìyá fi etí ìró nu ojú. Ó fọ ọwọ́, ó ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ dé ìdí tábìlì tí páànù gbígbóná míì àti èyí tó tutù wà, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì dúró tì í.

"Ti ọ̀tún ló gbóná, Ìyá."

Ìyá sì gbé ti òsì.