Káàdì Tí Mo Kán Kútẹ́ẹ̀sì Sí

Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tọ́jú sítọ̀, yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí, ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Zaria, ẹni tó bá sì tọ́jú sítọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ aráyé kì í dúró jẹ́ẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Sàlíhù tó fẹ́ fẹ́ Mọ̀dínátù àbúrò mi sọ pé òun máa bá mi to kọ̀ǹpútà tí a ó so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, òun ò sì ní gba kọ́bọ̀, ara fu mí. Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ta ló ń ṣe ọ̀fẹ́ ní ọdún 2005?

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an. Mo ti rí irú rẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Danmagaji, tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àga, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, tí wọ́n tún ń fi ẹ̀rọ kan náà wo fíìmù. Mo sọ fún Sàlíhù pé èmi fúnra mi ni màá ra gbogbo ẹ̀yà rẹ̀.

"To, ó dáa, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ kàn jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín lọ sọ́jà."

Mo kọ̀. Ṣé kí òun àti ọlọ́jà lè máa ṣẹ́jú síra wọn? Mo dá lọ sí Sabon Gari, mo ná ọjà títí ẹnu fi bó mi, mo sì ra káàdì tó ń gbé àwòrán láti inú kọ̀ǹpútà lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, àtàwọn ẹ̀yà tó kù. Nígbà tí mo délé, mo mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ìyàwó mi fi ń kun èékánná, mo kán an sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níbi tí ojú ò ti ní tètè rí i.

Ọjọ́ Àìkú ni Sàlíhù wá. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ẹbí rẹ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa ní Muchia, Àǹtí Ọmọ́bísí, àbúrò bàbá wa, sì ti ti Ìlọrin dé nítorí ẹ̀. Bàbá wa ti kú, èmi ni mo dúró bíi bàbá fún Mọ̀dínátù. Bí mo bá ní rárá, ó parí nìyẹn. Láti àárọ̀ ni Mọ̀dínátù ti ń bẹ̀ mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó bí ọlọ́pàá."

Mo wò ó bí ọlọ́pàá. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò ṣẹ́jú. Bó bá ki ọwọ́ bọ àpò irinṣẹ́, mo na ọrùn. Ìrun Àlàásárì nìkan ló gbé mi dìde, mo sì kí i bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ó ti fi ìdérí bo ẹ̀rọ náà, àwòrán ti hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ mi ń pariwo ayọ̀. Mọ̀dínátù gbé ìrẹsì fún un. Bó ṣe ń jẹun ni mo pa ẹ̀rọ, tí mo tú ìdérí rẹ̀. Káàdì tó wà níbẹ̀ ò ní kútẹ́ẹ̀sì lára.

Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: inú mi dùn pé mo ti mú un. Mo gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, mo dà á sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, káàdì mi sì já bọ́ pẹ̀lú àmì pupa lára rẹ̀.

"Olè!" Ohùn mi dé títì. Àwọn ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé.

Sàlíhù fọ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, káàdì yín ò ṣiṣẹ́. Ó ti jó kí wọ́n tó tà á fún yín. Mo ti yọ tèmi nínú kọ̀ǹpútà mi dání kí n tó wá, bóyá a ó nílò ẹ̀, òun ni mo fi síbẹ̀ nígbà tí ẹ lọ kírun. Mo fẹ́ gbé tiyín padà fún ẹni tó tà á, kó pààrọ̀ ẹ̀. Wallahi, mi ò kàn fẹ́ sọ lójú Àǹtí pé wọ́n rẹ́ yín jẹ ni."

Ó fi káàdì mi sí i, ó tan ẹ̀rọ. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Ó yọ ọ́, ó dá tirẹ̀ padà, àwòrán dé. Mọ̀dínátù kúnlẹ̀ bá a ṣa irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Sàlíhù kí Àǹtí, ó lọ, ó sì fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

"Ẹ ti rí olè yín mú, Ẹ̀gbọ́n," ni Mọ̀dínátù sọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Alhaji Abdulrahman, bàbá Sàlíhù, ránṣẹ́ pé àwọn ò wá mọ́. Àwọn ò lè tọrọ ìyàwó nílé tí wọ́n ti pe ọmọ àwọn lólè. Mo ní kí Àǹtí bá mi lọ bẹ̀ wọ́n. Ó kọ̀. "Ìwọ lo sọ ọ́. Ìwọ ni kó o lọ."

Lọ́jọ́ kejì, mo bá Alhaji níwájú ilé rẹ̀ ní Sabon Gari, òun àtàwọn àgbà mẹ́ta. Ará ilé ọkọ ló máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ará ilé ìyàwó, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ará ilé ìyàwó ni mo da àyà délẹ̀ nínú eruku.

"Haba, àna wa, ẹ dìde," Alhaji sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Ẹ wọlé, ẹ yẹ gbogbo yàrá wò. Bóyá nǹkan yín kan tún wà lọ́dọ̀ wa."

Mi ò lè gbórí sókè. Sàlíhù ló jáde wá, tó fi ọwọ́ méjèèjì dì mí léjìká. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Ó ti tán lọ́dọ̀ mi. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ ní Sátidé." Ó ń gbọn eruku kúrò lára bùbá mi.

Mo ń dúpẹ́, omi sì lé sí mi lójú ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan ìhà mi, ọwọ́ tèmi ti lọ bá àpò, ó ń wá fóònù mi bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Mi ò rán an níṣẹ́. Sàlíhù rí i, ó sì dáwọ́ dúró.